Ọfà Tó Wà Lára Òkúta Bàbá Wa

Ní ọjà Tchamba lónìí, abọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo kan ti di ẹgbẹ̀ta fáràn. Nígbà tí mo wà ní lìsé, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Sokodé, fáràn márùndínlọ́gbọ̀n ni, ẹni tó ń tà á yóò sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, yóò béèrè àlàáfíà ìyá ẹni. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé wa láti Kambolé dé Sokodé, ọgọ́rùn-ún fáràn ni, wọ́n á sì bá ẹni gbé ewúrẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ewúrẹ́ náà bá níwà. Lónìí, alùpùpù tí à ń pè ní sẹ́mìjáǹ ń gba ẹgbàá fáràn láti Kambolé dé Tchamba péré, ọmọ tó ń wà á yóò sì ní kí n sọ̀kalẹ̀ níbi tí ẹrọ̀fọ̀ bá ti pọ̀, kí n fẹsẹ̀ rìn. Mo ń sanwó láti rìn.

Ìyẹ̀fun ló mú mi rántí gbogbo èyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo da odidi abọ́ méjì rẹ̀ sórí òkúta sàréè bàbá tó bí bàbá bàbá wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì dúró tì mí, ó ń ṣírò iye ẹ̀kọ tí à bá fi rò.

Orúkọ bàbá náà ti sọnù. Nínú ilé wa, ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ńṣe ni yóò fún un ní orúkọ tó bá wù ú. Èmi náà, láti ọjọ́ tí mo ti ti yunifásítì Lomé dé, Gègé-Ò-Gbẹ ni àwọn ìyàwó ilé ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gègé ìkọ̀wé ọ̀hún ti gbẹ tipẹ́. Bàbá yìí, Ìdí-Òkúta ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ìyàwó tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an kò gbọdọ̀ dá a, àwọn ọmọ tó lè dá a kò béèrè. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó dé Kambolé láyé àwọn Jámánì, ẹrù Òyìnbó lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, kò sì gbé e mọ́. Ó fẹ́ ìyàwó, ó kọ ebè iṣu, ó kú. Àwọn kan ní ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni, àwọn kan ní Kétu ló ti wá. Bí a bá bi bàbá bàbá wa léèrè, yóò ní, "Ọ̀nà ló ti wá," yóò sì máa bá iṣu rẹ̀ lọ.

Òkúta tó wà níbi orí rẹ̀ wà lẹ́yìn oko wa, létí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń gbà lọ sí Tchamba kí wọ́n tó la títì. Ó ga dé ìbàdí èèyàn. Àwọn Jámánì ti kọ nǹkan sí i lára, ṣùgbọ́n òjò ti jẹ ẹ́, nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń bo àpáta sì ti bo èyí tí òjò kò jẹ. Ohun kan ṣoṣo tí ojú rí dáadáa ni ọfà kan tí wọ́n gbẹ́ jìn sínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí apá òsì. Ọfà yìí ni gbogbo ìtàn ìdílé wa. Wọ́n ní jagunjagun ni bàbá, atafà tí í ta á lókèèrè, pé ó jagun kan tí ọkàn Jámánì fi yọ́ sí i, tí wọ́n fi kọ ìyìn rẹ̀ sára òkúta. Ogun wo? Ó wà nínú ìwé tó wà lára òkúta. Nígbà èwe wa, ogun yẹn ni à ń ṣeré. Èmi ni mo kéré jù, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń ta lọ́fà. Mo ti kú nídìí òkúta yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ìdílé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kì wá. Bí ọmọ wa obìnrin bá ń lọ ilé ọkọ, òun ni yóò máa ki oríkì tẹ̀lé e títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wọlé. Nígbà tí à ń wí yìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń múra àti lọ sí Komah, ní Sokodé, nínú ìdílé àwọn oníṣòwò kan tí àwọn bàbá wọn gbé aṣọ wá tà láti Ògbómọ̀ṣọ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n oríkì wọn gùn. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ìyàwó ní Kambolé, àǹtí bàbá ọkọ, obìnrin kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Sokodé, tí ohùn rẹ̀ lè pe oníbàárà láti òdìkejì ọjà, dìde, ó ki ara ilé wọn láti orí ẹni tó tẹ agbo ilé wọn dó títí dé orí ọkọ ìyàwó. Adìyẹ tí wọ́n ń sè ti jinná kó tó dé ìdajì.

Ìgbà tó jókòó, ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó ki bàbá wa, ó ki bàbá bàbá wa, ó dé ọ̀dọ̀ Ìdí-Òkúta, ó ní, "Ọmọ atafà," ó sì dákẹ́, nítorí kò sí nǹkan mọ́.

Àǹtí náà dúró díẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyá wa," ó ní, "ṣé ẹ ń mí ni, àbí ó ti tán?"

"Ó ti tán."

"Áà. Oríkì Kambolé dà bí ìrù ewúrẹ́. Ó wà lóòótọ́, kò kàn lè bo ìdí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àwa gan-an alára. Èèyàn kì í bínú sí ẹ̀fẹ̀ àna. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ iyán lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó bá sì mọ ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé bí kò bá jẹ iyán, nǹkan ti bàjẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá mi níbi tí mo ti ń rin pákò.

"Àbúrò mi, ṣé lóòótọ́ lo kọ́ èdè Jámánì?"

Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Òótọ́ sì ni, mo kọ́ ọ fún ọdún kan ní Lomé. Àwa mẹ́rin láti apá òkè ló máa ń jókòó pọ̀, olùkọ́ wa sì máa ń tutọ́ sí wa lára bó bá ń pe ọ̀rọ̀ dáadáa, a fi máa ń gbé agboòrùn lọ sí kíláàsì. Kí ni mo rántí? Ìkíni, orin kan nípa ẹyẹ, àti ẹ̀kọ́ gígùn kan lórí bí èèyàn ṣe ń béèrè ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Láti ọjọ́ tí mo ti ti Lomé dé, n kò tíì rí ọkọ̀ ojú irin kankan ní Kambolé tí mo lè béèrè ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kọ́ ọ díẹ̀."

"Lọ ka òkúta bàbá wa. Sọ ogun tó jà fún mi, kí n rí nǹkan fi kún un. Ìyàwó ń lọ bí oṣù bá lé. N kò ní dúró ní Komah kí obìnrin yẹn tún rí ìdí mi."

Báyìí ni a ṣe lọ, èmi, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó fúnra rẹ̀ tó mú tẹlifóònù dání. Ó ní tẹlifóònù òun lè ka èdè gbogbo. Ó gbé e sí òkúta, ó dúró, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Kí ló wí?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Ó ní ìjàpá ni, Ìyá Àgbà."

"Ta ni ìjàpá?"

"Òkúta náà. Ó ní kò sí ìwé lára rẹ̀, ìjàpá ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú bàbá òun kí bàbá má baà gbọ́.

Nígbà náà ni mo rántí olùkọ́ ìtàn tí a ní ní yunifásítì. Ó máa ń da lẹ́búlẹ́bú ẹfun sára òkúta àtijọ́ kí lẹ́tà tó wà níbẹ̀ lè yọ. Kò sí ẹfun nítòsí, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo wà. Mo fi kàìnkàìn fọ òkúta náà títí awọ ọwọ́ mi fi fẹ́ẹ́ bó, mo po ìyẹ̀fun pẹ̀lú omi, mo sì fi ra gbogbo ara rẹ̀. Ó yẹ kí n ti rántí pé olùkọ́ wa máa ń nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti sá mọ́ mi lórí. Òkúta náà funfun láti òkè délẹ̀ bí alálàájì tó wọ aṣọ Mẹ́kà. Lẹ́tà kankan kò yọ. Ọfà tí a ti ń rí láti ayébáyé pàápàá sọnù.

"Ó yá, kà á," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo ní kó kọ́kọ́ gbẹ. A lọ jókòó lábẹ́ igi ẹmì.

Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀nà oko ni ibẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ rí èmi, mùsié tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ mùsùlùmí, tó fi ìyẹ̀fun ra sàréè, tó wá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń retí. Wọ́n kí wa níwọ̀ntúnwọ̀nsì, wọ́n sì yára kọjá. Kí a tó kí ìrun àìlà, ó ti kárí Kambolé pé Gègé-Ò-Gbẹ ń bọ òkú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé Tchamba, wọ́n ní mo ti bá òkú sọ̀rọ̀, òkú sì ti dá mi lóhùn ní èdè Faransé.

Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló wá. Ẹgbẹ́ mi ni, a jọ kọ́ kéwú ni, a sì jọ sá nílé kéwú.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí òkúta, "wọ́n ní o ń bọ́ òkú."

"Ìwé ni mò ń kà."

"Ìyẹ̀fun lo fi ń kàwé?"

"Ìwé náà ti gbó."

"Bó bá jẹ́ sàráà lo fẹ́ ṣe, àwọn tó lẹ́nu wà nílùú. Èyí kò lẹ́nu."

Ẹ̀gbọ́n mi bá a sọ ọ̀rọ̀ oríkì, ó sọ ti ìrù ewúrẹ́. Lèmọ́mù fọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bóyá àwọn ewúrẹ́ gbọ́ ìgbà tí à ń dárúkọ wọn, n kò mọ̀. Ìgbà tí a fi máa wẹ̀yìn, ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan, abo dúdú tó fi ọ̀fun ṣe ayé, ti fẹsẹ̀ méjì gun sàréè, ó sì ń lá òkúta náà. Mo gbé igi, mo dìde. Lèmọ́mù di aṣọ mi mú.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Wò ó."

Mo wò ó. Ahọ́n ewúrẹ́ ń kó ìyẹ̀fun tó wà lójú òkúta, ṣùgbọ́n kò lè dé inú ihò lẹ́tà. Níbi tó bá ti lá, òkúta dúdú, lẹ́tà sì funfun nínú rẹ̀. Bí ọmọ ilé kéwú, ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ wá sí òsì. Inú Lèmọ́mù dùn sí i. Ó ń ka lẹ́tà náà bí ewúrẹ́ ti ń yọ wọ́n, láti ọ̀tún: "E. D. O. K. O. S." Ó ní ó jọ Haúsá.

Èmi kà á láti òsì. Sokodé ni.

"Sokodé?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí ni Sokodé ń ṣe lórí bàbá wa? Bóyá ibẹ̀ ló ti jagun."

Ewúrẹ́ gòkè. Ọ̀rọ̀ kékeré kan yọ lókè Sokodé, mo sì mọ̀ ọ́n kíákíá, nítorí inú ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ojú irin ló wà. Ohun tó máa ń ṣáájú orúkọ ìlú ni, bí èèyàn bá ń lọ síbẹ̀. Lábẹ́ Sokodé ni nọ́ńbà kan tí ọjọ́ ti jẹ ìdajì rẹ̀, àti lẹ́tà méjì tó wà lára gbogbo òkúta ojú títì láti Lomé títí dé Dapaong: K àti M. Nígbà tí ewúrẹ́ lá ìsàlẹ̀, lábẹ́ ọfà, ọ̀rọ̀ tó kù yọ. Èyí náà mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ wa máa ń tutọ́ jù bó bá ń pè é ni. Omi ni.

Mo jókòó sílẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyí, a rò pé wọ́n gbé òkúta wá sórí bàbá. Irọ́ ni. Bàbá ni wọ́n gbé wá sídìí òkúta. Òkúta ti wà níbẹ̀ kó tó kú, àmì ojú ọ̀nà ni, ibi tí àwọn aláàárù Jámánì ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀. Níbẹ̀ náà ló sọ tirẹ̀ kalẹ̀, níbẹ̀ ló ti máa ń jókòó tí àwọn ìyàwó fi fún un lórúkọ, níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

"Sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ogun wo ló jà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ogun kankan kò sí níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ó ní, ọ̀nà Sokodé rèé. Ó sọ bó ṣe jìn tó. Ó wá ní omi wà lápá òsì."

Lèmọ́mù yára kọ ẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ náà kò sì tán bọ̀rọ̀. Ìyàwó tẹjú mọ́ tẹlifóònù rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọfà tó ti fi ki gbogbo ọmọ ilé wa láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Mo rò pé yóò sunkún, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tù ú.

"Apá òsì," ó ní. "Odò tí a ti ń pọnmi kọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Òun ni."

"Ǹjẹ́ ó gbẹ rí?"

"Kò gbẹ rí."

"Sokodé ńkọ́? Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ nìyẹn lóòótọ́?"

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀.

"Nígbà náà kò purọ́. Obìnrin Komah yẹn ki bàbá rẹ̀ pé ó di ẹkùn mú létí. Ta ló rí ẹkùn? Tiwa, èèyàn lè rìn lọ wò ó. Lèmọ́mù, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fi òótọ́ ki bàbá rẹ̀?"

Lèmọ́mù ní, láàárín ikọ́, pé òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ń dá sọ̀rọ̀ kiri ilé. Bí mo bá súnmọ́ ọn, yóò dákẹ́. Lọ́jọ́ tí a so yìgì ní Kambolé, ó ní kí wọ́n pa ewúrẹ́ dúdú náà fún àlejò. Ó ní ẹni tó bá ti kàwé tán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Mo jẹ nínú rẹ̀. Ẹran rẹ̀ le bí ìwé òfin.

Ìgbà tí a fẹ́ gbé ìyàwó lọ sí Komah, ẹ̀gbọ́n mi gbé bídọ̀n omi kan sórí itan mi nínú ọkọ̀. Mo béèrè ohun tó wà fún. Ó ní kí n dì í mú. Ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa. A kọjá Tchamba, omi ń jò sí mi lára. A dé Sokodé, ṣòkòtò mi ti tutù láti ìbàdí dé orúnkún, ó sì jẹ́ ṣòkòtò funfun. Àǹtí bàbá ọkọ ló wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbi tó tutù.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá," ó ní. "Ọ̀nà yẹn mà jìn o."

Wọ́n ki oríkì tiwọn. Ẹkùn wà níbẹ̀, ó sì ti di méjì láti ìgbà tí a ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ omi wá láti fọ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé, bí a ti í ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè. Ó gba bídọ̀n lọ́wọ́ mi.

"Ìyá," ni àǹtí wí, "ṣé kò sí omi ní Sokodé ni?"

"Ó wà. Ṣùgbọ́n tiwa wà nínú àkọsílẹ̀ Jámánì."

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ki bàbá wa, ó ki bàbá bàbá wa, kò sì dúró níbi tó máa ń dúró sí:

"Ọmọ Ìdí-Òkúta, a-júwe-ọ̀nà-fún-àlejò,
Ọmọ òkúta tó mọ Sokodé kí mọ́tò tó mọ̀ ọ́n.
Òǹgbẹ ń gbẹ Òyìnbó, ó dúró, ó ń wo sùn-ùn,
Ọfà bàbá wa ló júwe omi.
Àwọn kan ń tafà, wọ́n fi ń pààyàn,
Ọfà tiwa, omi ló dojú kọ.
Ìyàwó tó ń lọ Sokodé, má béèrè ọ̀nà,
Ọ̀nà ti wà lórí bàbá rẹ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

Bó ti ń kì í ló ń da omi odò Kambolé sí ìyàwó lẹ́sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí bídọ̀n náà fi gbẹ. Àwọn obìnrin Komah sún mọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́. Ìyàwó ń sunkún bó ti yẹ kí ìyàwó sunkún, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú.

"Ẹ máa bá a lọ, Ìyá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ibi tó parí sí."

"Kò parí," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Ó dé Sokodé ni."

Alẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ iyán tirẹ̀, ó sì jẹ lára tèmi.

Nínú àwa tó wà nídìí òkúta lọ́jọ́ ìyẹ̀fun, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ lọ, mo ti sọ ìyẹn. Lèmọ́mù tẹ̀ lé e, kí Ọlọ́run dárí jì í. Títí ó fi kú, bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, yóò béèrè bóyá ìwé tí mò ń kà nílò ìyẹ̀fun. Nínú àwa mẹ́rin tó gbé agboòrùn lọ sí kíláàsì Jámánì ní Lomé, méjì ti lọ. Ẹnì kẹta wà ní Atakpamé; kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ṣì ń kọ orin ẹyẹ. Ẹ̀gbọ́n mi lọ nígbà iṣu tuntun. Lọ́jọ́ fídáù, ọkọ̀ kan kún fún àwọn obìnrin Komah, àǹtí yẹn ló ṣáájú wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ki ẹ̀gbọ́n mi ní oríkì tiwa, láti Ìdí-Òkúta dé odò, láti odò dé Sokodé, kò gbàgbé ẹyọ kan, ó sì tún fi ewúrẹ́ kan kún un tó fi ahọ́n kàwé Òyìnbó. Ó pẹ́ gan-an. Lèmọ́mù tuntun wo oòrùn lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí wà láàyè. Ìyàwó wà láàyè, ó ti bímọ. Èmi náà ṣì wà.